Half-Life 2 nínú awò VR: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti ìdáhùn mi

Gbogbo ẹni tó bá rí mi pẹ̀lú awò VR lójú, èyí tó ń bo ojú tó sì ń fi ayé inú kọ̀ǹpútà yí èèyàn ká, ló máa ń béèrè nǹkan kan náà: báwo ni géèmù ọdún 2004, tí wọ́n ṣe fún ojú kọ̀ǹpútà, ṣe wá di ibi tí èèyàn ń wọ̀ lọ? Mo kó ìdáhùn mi jọ síbí. Half-Life 2, géèmù ìbọn tí ilé-iṣẹ́ Valve ṣe, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, torí òun ni mo mọ̀ jù, òun náà ni mo sì máa ń gba ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí níyànjú pé kó fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ni mod gan-an, kí sì ni ti VR ń ṣe?

Mod ni iṣẹ́ tí àwọn tó fẹ́ràn géèmù kan ṣe lé e lórí, tó yàtọ̀ sí èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ni ín ṣe. Àwọn kan ń fi mod pààrọ̀ aṣọ àwọn tó wà nínú géèmù, àwọn kan ń fi kọ́ ìlú tuntun síbẹ̀. Mod ti VR le jù wọ̀nyẹn lọ. Nínú géèmù lásán, ojú kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà fi ń wo ayé náà, mouse ló sì ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nínú VR, àwòrán méjì ló gbọ́dọ̀ yà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì, kí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì sì bá ti ẹyinjú yín mu, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 63 fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Bí ẹ bá mi orí, bí ẹ bá lóṣòó, bí ẹ bá na ọrùn yọjú níbi igun ògiri, àwòrán méjèèjì gbọ́dọ̀ bá yín lọ lójú ẹsẹ̀.

Síbẹ̀, ojú nìkan kò lè mú èèyàn wọ inú géèmù. Ọwọ́ ló ń mú un wọlé. Mod tó kàn pín àwòrán sí méjì, tí ẹ ṣì ń tẹ bọ́tìnì bíi ti tẹ́lẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ dúró lójú fèrèsé ilé onílé: ẹ rí yàrá, ẹ rí àga, ẹ ò sì lè jókòó. Àwọn tó ṣe ti Half-Life 2, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Source VR Mod Team, ṣiṣẹ́ lórí ọwọ́ náà dé góńgó.

Ẹ jẹ́ kí n mú ibì kan. Ẹni tó bá ti ṣe géèmù náà rí á rántí ibùdókọ̀ ojú irin ní City 17, níbi tí Gordon Freeman, ẹni tí ẹ jẹ́ nínú géèmù náà, ti sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́pàá kan dúró síbẹ̀, ó fi kóńdó gbá agolo sílẹ̀, ó ní kí ẹ ṣà á, kí ẹ lọ jù ú sínú ohun ìdalẹ̀nù. Lójú kọ̀ǹpútà, bọ́tìnì kan lẹ máa tẹ̀, ó parí. Nínú mod yìí, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú yàrá yín gan-an, ẹ ó na ọwọ́, ẹ ó pa ìka mọ́ agolo náà. Bí ẹ bá ń dìde, bàtà ọlọ́pàá yẹn lẹ máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà kóńdó, lẹ́yìn náà ìbòjú tí kò jẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́. Mo ti kọjá níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àìmọye ìgbà, kò jẹ́ nǹkankan lójú mi. Nígbà tí mo ṣe é pẹ̀lú awò lójú, inú bí mi débi pé mo lérí. Ẹ̀yìn tèmi ló tẹ̀ fún un, kì í ṣe ti Gordon. Mo ju agolo náà lù ú láyà, ó sì lé mi.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Half-Life 2? Ṣé kò sí géèmù tuntun ni?

Ó wà, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe èyí láti ìpilẹ̀ bá VR mu bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú Gordon nìkan lẹ fi ń wo gbogbo nǹkan. Géèmù náà kì í já ojú gbà lọ́wọ́ yín láti fi fíìmù hàn yín. Bí Alyx Vance, ọ̀rẹ́ Gordon nínú ìtàn náà, bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ lè máa wo orí tábìlì, ẹ lè máa rìn yí i ká, ẹ sì lè súnmọ́ ọn títí ẹ ó fi rí ẹyinjú rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé yín.

Ẹ fi wé Resident Evil 2 tí wọ́n tún ṣe ní 2019. Ẹnì kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí praydog ṣe mod VR fún un, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára gidigidi. Àmọ́ ẹ̀yìn èjìká ni wọ́n ti ń wo géèmù yẹn, fíìmù kéékèèké sì ń dá sí i. Bí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń darí ojú yín kì í ṣe orí yín mọ́, inú á sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ọpọlọ tó mọ̀.

Ìdí kejì ni pé nǹkan inú Half-Life 2 ní ìwúwo. Bíríkì ń já bọ́ bíi bíríkì, àgbá ń léfòó lórí omi, pákó ń ṣẹ́. Ní 2004, ìyẹn ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Nínú VR, òun gan-an ni ọwọ́ yín ń wá.

Valve fúnra rẹ̀ ti dán VR wò lórí géèmù yìí ní 2013, nígbà tí awò Oculus àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà nìkan. Ìdánwò yẹn kò lọ jìnnà, kò sí ọwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ará ìta ni wọ́n gbé e débi tó dé yìí. Oṣù kẹsàn-án 2022 ni mod náà jáde fún gbogbo èèyàn lórí Steam, ìsọ̀ géèmù Valve lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Eélòó ni?

Ọ̀fẹ́. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ ní Half-Life 2 fúnra rẹ̀ lórí Steam. Géèmù àtijọ́ ni, Steam sì máa ń gé owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an nígbà ẹ̀dínwó, nítorí náà bí kò bá kánjú, ẹ dúró de ìgbà yẹn. Nígbà tó pé ogún ọdún, ní oṣù kọkànlá 2024, Valve pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ yẹ àkáùntì Steam yín wò dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbà á nígbà náà kí ẹ sì gbàgbé.

Irú kọ̀ǹpútà wo ló lè gbé e?

Kọ̀ǹpútà Windows tó ní graphics card (ohun tó ń ya àwòrán) tirẹ̀. Laptop iléeṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà kò lè ṣe é, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó.

Ohun tó ń mú VR wúwo ni iye àwòrán. Lórí ojú kọ̀ǹpútà, 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣì ṣeé fara dà. Awò tó ń lo 90 kò fún kọ̀ǹpútà ju ìdá 11 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti fi ya àwòrán ojú méjèèjì tán. Bó bá pẹ́, àwòrán á máa gbọ̀n lójú yín, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Ire tó wà níbẹ̀ ni pé géèmù 2004 kò béèrè nǹkan púpọ̀. Half-Life: Alyx, tí wọ́n ṣe fún VR ní 2020, béèrè ó kéré tán graphics card GTX 1060 àti RAM 12 GB. Ẹni tó bá ní ìyẹn, kí ó fọkàn balẹ̀.

Awò wo ni kí n lò? Ṣé ti fóònù náà lè ṣe é?

Ti fóònù kò lè ṣe é. Páálí tàbí ike tí èèyàn ń ki fóònù bọ̀ kò mọ ibi tí ọwọ́ yín wà, mo sì ti sọ ohun tí mo rò nípa ọwọ́.

Awò tó bá ti ń bá SteamVR, ètò Valve tó ń so awò mọ́ géèmù, ṣiṣẹ́ ló máa ṣiṣẹ́: Valve Index, HTC Vive, Oculus Rift, àti Meta Quest 2 tàbí 3 tí ẹ bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. PlayStation VR2 náà ti wọ ẹgbẹ́ wọn láti 2024, nígbà tí Sony gbé ohun tí wọ́n fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà jáde. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà, Quest ni mo máa mú, torí ó lè dá ṣiṣẹ́ láìsí kọ̀ǹpútà nígbà tí kọ̀ǹpútà kò bá sí. Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ yẹ gíláàsì inú rẹ̀ wò lábẹ́ iná kí ẹ tó sanwó. Bí oòrùn bá ti gba inú gíláàsì yẹn rí, ó lè ti jó ojú rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, kò sì ní àtúnṣe.

Mo fẹ́ lo Quest láìsí wáyà. Ṣé kò ní jẹ dátà mi tán?

Kò ní jẹ ẹ́. Àwọn ará ilé ló ń bi mí ní ìbéèrè yìí jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Àwòrán tó ń ti kọ̀ǹpútà lọ sí awò kò jáde kúrò nínú ilé yín. Láti kọ̀ǹpútà dé ráútà, láti ráútà dé awò, ibẹ̀ ló mọ. Dátà tí ẹ máa ná ni ti ìgbà tí ẹ bá ń gba géèmù àti mod wálẹ̀, àti àtúnṣe tí Steam bá fẹ́ ṣe lẹ́yìn náà.

Ohun tí ẹ nílò ni ráútà tó ní Wi-Fi 5 GHz, kí òun àti ẹ̀yin wà nínú yàrá kan náà, kí ẹ sì fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà náà. Bí kọ̀ǹpútà àti awò bá jọ ń lo Wi-Fi, àwòrán á máa dúró, á máa lọ. Steam Link, tí Valve gbé wá sórí Quest ní ìparí 2023, jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì ní wàhálà. Bí Wi-Fi ilé yín kò bá dára, ẹ fi wáyà USB so ó, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa gbé e sórí kọ̀ǹpútà?

Ẹ kọ́kọ́ gba Half-Life 2 wálẹ̀ láti orí Steam, kí ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan lójú kọ̀ǹpútà kí ẹ lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ gba SteamVR. Lẹ́yìn náà, ẹ wá “Half-Life 2: VR Mod” lórí Steam kan náà, kí ẹ gba òun náà. Ẹ wọ awò, ẹ ṣí SteamVR ṣáájú, nígbà tó bá ti mọ ibi tí orí àti ọwọ́ yín wà ni kí ẹ tó ṣí mod. Ìyẹn náà ni. Kò sí fáìlì tí ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kó láti àpò kan sí èkejì, bó ti rí pẹ̀lú ọ̀pọ̀ mod mìíràn.

Òòyì ń kọ́ mi, èébì sì ń gbé mi. Ṣé VR kì í ṣe tèmi ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tiyín, ẹ kàn yára jù ni. Ojú yín ń sọ fún ọpọlọ pé ẹ ń sáré, etí inú lọ́hùn-ún, tó ń mú ká dúró ṣánṣán, ń sọ pé ẹ ò kúrò lójú kan. Ọpọlọ ò mọ ẹni tí yóò gbà gbọ́. Kì í ṣe àìlera, ó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì máa ń fúyẹ́ bí ara bá ti ń mọ́ ọn.

Gordon sì mọ eré sá. Wọ́n ṣe é fún mouse, kì í ṣe fún etí èèyàn. Àwọn ibi ọkọ̀ ló burú jù. Ní orí tí wọ́n ń pè ní Water Hazard, ẹ ó gun ọkọ̀ ojú omi, ẹ ó máa fò lórí pákó, ẹ ó máa já lulẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀, mo ti ṣe géèmù náà fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí ìyọnu, mo wá rò pé mo ti di ọ̀gá. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí òógùn tútù fi bò mí níwájú orí, itọ́ kún mi lẹ́nu. Dípò kí n bọ́ awò sílẹ̀, mo ní kí n kàn dé ibi tí mo ti lè ṣe sefu, kí n fi ibi tí mo dé pamọ́. Àṣìṣe gbáà ni. Mo dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn títí di alẹ́, ilé ń yí, n kò sì lè fọwọ́ kan awò náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, torí rírí rẹ̀ lásán ń dà mí nínú rú.

Ohun tí mo kọ́ nìyí. Bí òógùn tútù àkọ́kọ́ bá ti yọ, ẹ bọ́ ọ. Ẹ má parí ohunkóhun. Ìṣẹ́jú 15 ti tó fún ọjọ́ kìíní. Nínú ètò mod náà, ẹ jẹ́ kí ara máa yí ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, kó má máa yí wọ́ọ́rọ́. Kí ẹ sì tan èyí tó ń mú ẹ̀gbẹ́ àwòrán ṣókùnkùn nígbà tí ẹ bá ń rìn. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ lẹ fẹ́ gùn, ẹ jókòó sórí àga, torí ara tó jókòó nínú yàrá tí ó sì jókòó nínú géèmù kò ní ìjà púpọ̀ láti jà.

Ẹ gbé fáànù kalẹ̀ síwájú yín, kó máa fẹ́ sí yín lójú. Atẹ́gùn yẹn ń jẹ́ kí ara mọ apá ibi tí iwájú wà nínú yàrá, ó sì ń tu ojú lára. Mo tún máa ń jẹ atalẹ̀ lẹ́nu díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣe mí lóore.

Ààyè mélòó ni mo nílò?

Mítà méjì sí mítà kan àbọ̀ ni SteamVR ń béèrè bí ẹ bá fẹ́ máa rìn díẹ̀. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kéré lè dúró sójú kan tàbí kó jókòó ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo òkè ṣáájú ohun gbogbo. Bí fáànù bá wà lókè àjà yín, ẹ pa á, tàbí kí ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Géèmù yìí kún fún àkàbà, ọwọ́ yín lẹ sì fi ń gùn ún, ẹ ó máa nà án sókè láìronú. Ẹ tún sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n pe orúkọ yín kí wọ́n tó súnmọ́ yín. Ní Ravenholm, ìlú òkú tó wà láàárín géèmù náà, headcrab, ẹranko kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ orí, máa ń fò mọ́ èèyàn lójú. Mo gbá a pẹ̀lú ọ̀pá irin, ó wá jẹ́ pé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni mo gbá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo ń lo awò ìríran.

Ọ̀pọ̀ awò VR gbà á. Ẹ rọra ni, kí gíláàsì méjèèjì má fara kanra, torí wọ́n á ha ara wọn.

Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì ń bẹ̀ mí. Ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é?

Rárá o. Ní Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 17 sókè ni wọ́n kọ sára Half-Life 2, lójú kọ̀ǹpútà nìyẹn o. Àgbàlagbà ni mí, mo sì tan iná yàrá sílẹ̀ sùn lọ́jọ́ tí mo jáde ní Ravenholm.

Ṣé kò lòdì sófin? Ṣé wọn ò ní ti àkáùntì mi pa?

Ti èyí, ẹ má fòyà. Orí Steam, tó jẹ́ ti Valve, ni mod náà wà, Valve ló sì ni Half-Life. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣe é, kò sí ẹni tí ẹ ń bá díje.

Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Luke Ross, tó sọ Grand Theft Auto V àti Red Dead Redemption 2 di ti VR, tí àwọn èèyàn ń sanwó oṣooṣù fún nígbà náà láti rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà, gba ìwé lọ́wọ́ Take-Two, ilé-iṣẹ́ tó ni àwọn géèmù náà, ní 2022 pé kó kó wọn kúrò, ó sì kó wọn kúrò. Lójú mi, àdánù ńlá ni, torí kò sí ẹni tó lè lo mod yẹn láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ ra géèmù wọn.

Ṣé mo lè fi géèmù mìíràn ṣe irú rẹ̀?

Bó bá jẹ́ Unreal Engine, ètò tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń kọ́ géèmù, ni wọ́n fi ṣe é, ó ṣeé ṣe. Praydog tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gbé UEVR jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọ̀fẹ́ ni. Kò ṣe é fún géèmù kan pàtó. Ó ń wọ inú èyíkéyìí tí wọ́n fi Unreal 4 tàbí 5 ṣe, á sì gbìyànjú láti yí i padà sí VR. Àwọn kan bọ́ sí i bí ẹní bọ́ sí ẹ̀wù tí wọ́n rán fún un. Àwọn mìíràn, òjìji á wà lójú kan kó má sí lójú kejì, àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lójú kọ̀ǹpútà á lẹ̀ mọ́ yín nímú. Kí ẹ tó lè lo ọwọ́ dáadáa nínú wọn, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ ti jókòó ti géèmù yẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sì fi ètò tó ṣe sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ wá irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣáájú.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má fi kan géèmù tí ẹ ń bá àwọn mìíràn díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n fi ń mú àwọn oníjìbìtì kò lè mọ̀ pé ẹ kàn fẹ́ wo àyíká ni, wọ́n lè ti àkáùntì yín pa.

N kò ní kọ̀ǹpútà géèmù. Quest nìkan ni mo ní.

Ẹ wá Lambda1VR. Half-Life àkọ́kọ́, ti 1998, ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú Quest fúnra rẹ̀, láìsí kọ̀ǹpútà kankan nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ẹ ó nílò fáìlì géèmù náà láti inú èyí tí ẹ ti rà lórí Steam, ẹ ó sì ya kọ̀ǹpútà ẹnì kan fún wákàtí kan láti fi kó wọn wọlé. Kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ lásán tó fún èyí. Ẹgbẹ́ tó wà nídìí rẹ̀, Team Beef, ṣe Doom 3 náà bẹ́ẹ̀.

Mo ti parí rẹ̀. Kí ló kàn?

Episode One àti Episode Two ni ìtẹ̀síwájú ìtàn Half-Life 2. Mod ti Episode One jáde ní oṣù kẹta 2023, ti Episode Two tẹ̀ lé e ní oṣù kẹrin. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ó gbà wọ́n lórí Steam, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ẹ ṣe méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ kan Half-Life: Alyx. Òótọ́ ni pé ìtàn Alyx ṣáájú ti Half-Life 2, àwọn kan á sì ní kí ẹ fi í bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbà fún wọn: ìparí rẹ̀ kò ní yé ẹni tí kò bá tíì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Alyx Vance nínú ibùdó ọkọ̀ òfuurufú ní ìparí Episode Two.